Àpótí Kan Ṣoṣo Ni

Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí, nígbà tí ọwọ́ mi ṣì lè di bírò mú. Dókítà tó ń tọ́jú kíndìnrín mi kò fi epo bọ iyọ̀. Ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ bá ní láti ṣe, ẹ tètè ṣe é." Ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti ṣe, òun náà ni èyí. Ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ sípíkà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ́kù, ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí. Mo sì ti ní kí wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin Elétí Ehoro, ẹni tí kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ láti ogún ọdún ó lé. Bàbá náà ṣì wà láyé. Òun ni mo ṣẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ti sáré fún ọdún mẹ́tàlélógún, òótọ́ kò sì wá a wá. Èmi ni mo wá jókòó sójú ọ̀nà, tí mo ń dúró dè é.

Oníwèé lẹ máa ń pè mí, nítorí ilé ìwé alẹ́ tí mo lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ìwé bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá mi kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ti ń fọ abọ́ nílé olóúnjẹ. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ló kọjá kí n tó tún jókòó níwájú pátákó ìkọ̀wé, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú tí a fi bíríkì tì. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ rìn fún àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ, àádọ́ta ìṣẹ́jú bọ̀. N kò sọ èyí kí ẹ lè káàánú mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹ̀rù tó wà lára mi nígbà tí Ọ̀gá fi mí ṣe olórí yàrá gọ́ọ̀mù, níbi tí a ti ń lẹ pépà ẹnu sípíkà mọ́ wáyà rẹ̀. Ẹni tó ti ìsàlẹ̀ kànga gun àkàsọ̀ débi tí mo dé kì í fẹ́ bojú wẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá péré ni mo tíì lò nípò yẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Elétí Ehoro ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ kò lè gbàgbé yàrá kékeré rẹ̀, tí a fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ yí ká. Kò sí sípíkà tó ń wọ páálí tí kò kọ́kọ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Yóò di ojú, yóò fetí sí i, yóò ní, "Ó ń sọ̀rọ̀," tàbí kó ní, "Ó ń kùn." Èyí tó bá ń kùn kò ní jáde. Ẹ rántí ọjọ́ tó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, tó gbé etí lé ògiri, tó ní, "Iná ń jẹun nínú ibí yìí." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń di ẹrù sí páálí ní, "Bàbá, ṣé ká bu omi fún un kó fi sin oúnjẹ náà?" Ehoro kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ máa pa á láwàdà. Ẹ pe oníṣẹ́ iná fún mi." Nígbà tí oníṣẹ́ iná fọ́ ògiri, wáyà inú rẹ̀ ti dúdú, ara rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Èéfín kò tíì yọ, òórùn kankan kò sí. Etí nìkan ló mọ̀. Ní ọjọ́ yẹn ló sọ fún mi pé, "Oníwèé, ìwé á sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ fún ẹ. Etí ló máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ òjò kan báyìí ni wọ́n ní ká ṣe ogójì sípíkà fún àwọn ilé ìwé. Gọ́ọ̀mù tí à ń lò, ó gbọdọ̀ dá gbẹ fúnra rẹ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ kan di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Òtútù kò jẹ́ kó gbẹ. Mo wo kàlẹ́ńdà, mo wo gọ́ọ̀mù, mo sì kó gbogbo tíréè rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú yàrá móoru. Kò sí ẹni tó rán mi. Láàárín wákàtí mẹ́ta, òkè rẹ̀ ti le koko, inú mi dùn. N kò mọ̀ pé òkè nìkan ló gbẹ. Inú rẹ̀ ṣì rọ̀, ó sì ń wọ inú pépà lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo fi máa mọ̀, ogójì ti pé.

Mẹ́ta péré ni Ehoro gbọ́ nínú wọn tó fi jáde wá bá mi. Kò pariwo. Ó tẹnu mọ́ mi létí, ó ní, "Oníwèé, ta ló yan gọ́ọ̀mù yìí lórí iná?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó yan án, Bàbá."

Ó ní, "Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù dí nímú. Mi ò lè buwọ́ lu èyíkéyìí nínú wọn o. Bó bá jẹ́ àṣìṣe ni, tètè sọ, ká tú wọn palẹ̀."

Ẹ wò ó bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀ fún mi tó. Bí mo bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, èmi ni," ì bá bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, bóyá ì bá tiẹ̀ gbà á rù ú. Ṣùgbọ́n àkàsọ̀ yẹn ni mo ń wò. Nígbà tí Ọ̀gá pe àwa méjèèjì, mo ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Oníbàárà kan ti gbàgbé ìwé ìròyìn kan sórí àga, níbi tí àwọn kan ti ń jiyàn bóyá sípíkà tuntun máa ń dára sí i lẹ́yìn tó bá ti kọrin pẹ́. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní irọ́ gbuu ni. Ìdajì tó wúlò fún mi ni mo mú.

Mo ní, "Ọ̀gá, wọn ò bàjẹ́. Wọ́n ṣì tuntun ni. Bàtà tuntun gan-an a máa ta ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi orin sí wọn lẹ́nu fún ọgọ́rùn-ún wákàtí, ẹ ó rí i pé ohùn wọn á là. Ó wà nínú ìwé."

Ehoro rẹ́rìn-ín. "Lóòótọ́ ni bàtà ń ta ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàtà bá kéré, ẹsẹ̀ ló ń yí padà, kì í ṣe bàtà. Ọ̀gá, pépà tuntun a máa dẹ̀ díẹ̀, mi ò jiyàn. Wákàtí kan, ó pẹ́ tán wákàtí méjì, ó ti parí. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, etí ẹni tó ń gbọ́ ọ ló ń mọ́ra. Gọ́ọ̀mù tó bàjẹ́ kì í gbọ́ orin kó ronú pìwà dà."

Ọ̀gá wo èmi, ó wo òun. Ó wù ú kí tèmi jẹ́ òótọ́, nítorí ọjọ́ tó fi àdéhùn sí ti dé tán. Ó ní, "Kí la ń jà sí? Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

A ti mọ́kàndínlógójì mọ́ inú yàrá ẹ̀yìn, a fi orin sí wọn tọ̀sán tòru fún ọjọ́ mẹ́rin ó lé díẹ̀. A fi ẹyọ kan sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí a lè fi wọ́n wéra. Láràárọ̀ ni mò ń wọlé lọ gbọ́ wọn. Ohùn òtútù náà ni. Ní ọjọ́ kẹrin ó tiẹ̀ burú sí i, torí gọ́ọ̀mù tí kò gbẹ dénú ti ń sán, àwọn míì ti ń gbọ̀n rìrì bí ìdérí ìkòkò. Èyí tí a kò fọwọ́ kàn ló wá sàn jù lọ nínú wọn. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òótọ́, wọ́n á mọ̀ pé ṣe ni orin ọgọ́rùn-ún wákàtí tún ba sípíkà jẹ́ sí i, kò tún un ṣe.

Ọ̀gá ní èmi ni kí n darí ìdánwò náà, "torí ìwọ lo kàwé ẹ̀." A fa kọ́tìnì kan sí àárín yàrá. Ẹ̀yin mẹ́jọ wà níjòókòó, pẹ̀lú Ọ̀gá, Ehoro wà níwájú pátápátá. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì, pẹ̀lú àpótí sípíkà méjì, èyí tí a kò fọwọ́ kàn àti èyí tó ti kọrin. Mo ní, "Tuntun rèé." Mo fi wáyà sí èyí tí a kò fọwọ́ kàn. Ohùn obìnrin kan ni, òun àti gìtá. Ó parí. Mo mi wáyà jìgìjìgì, mo ti àpótí kejì kó lè dún lórí tábìlì, kí ẹ lè rò pé mò ń pààrọ̀ wọn. N kò pààrọ̀ nǹkan kan. Ọwọ́ mi kàn lọ síbi bọ́tìnì ohùn, mo yí i sókè bí ìbú hóró ìrẹsì kan. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ohùn tó bá fi díẹ̀ ròkè ju ìkejì rẹ̀ lọ ni etí máa ń pè ní dáadáa. Ehoro ló kọ́ mi. Mo ní, "Èyí tó ti là rèé."

Ẹ rántí bí ẹ ṣe hó. Kápẹ́ńtà tó ń kan àpótí wa ní, "Háà! Obìnrin náà ti wá dúró síwájú mi!" Ẹni tó ń di ẹrù ní, "Àkọ́kọ́ yẹn, àfi bí ìgbà tí ìyàwó mi bá ń bá mi jà láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí ti jáde síta, ó ti tún bọ́jú!" Ọ̀gá ń pa àtẹ́wọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí di òní ni pé èmi náà gbọ́ ọ. Èmi tí mo yí bọ́tìnì náà, mo gbọ́ tí ohùn yẹn là, ó dùn mọ́ mi létí, ó sì kù díẹ̀ kí n gbàgbọ́.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ehoro na ìka kan sókè. Ó ní, "Ọ̀kan ni."

Ọ̀gá ní, "Ọ̀kan bíi ti báwo?"

"Àpótí kan náà ló kọrin lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kàn fi kún un díẹ̀ ni."

Mo fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti yọ wáyà kúrò lára àwọn méjèèjì. Mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Méjì ni." Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan nínú yín pariwo pé, "Ehoro, ó jọ pé ọdẹ ti dé o!" Ìka rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó wò ó bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ká a wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ogójì sípíkà náà jáde lọ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí àwọn kan fi ẹ̀sùn ránṣẹ́, ìdáhùn kan náà ni a fún gbogbo wọn: ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kó là sí i. Wọ́n sì ní sùúrù títí ọjọ́ tí wọ́n lè dá a padà fi kọjá.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá dúró síbẹ̀, bóyá mo lè pè é ní àṣìṣe ọjọ́ kan. Kò dúró síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, Ehoro wá sí yàrá gọ́ọ̀mù. Ó ti kọ ìwé pé òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí garawa, ó ní, "Oníwèé, àwa méjì péré ló wà níbí. Mi ò ní bínú, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ́ ẹ. Ọ̀kan ni àbí méjì? Torí ohun tí mo gbọ́ yẹn, mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn ara mi. Bó bá jẹ́ méjì ni, a jẹ́ pé mi ò lè gba etí mi gbọ́ mọ́ nìyẹn."

Ẹ kò sí níbẹ̀. Kò sí Ọ̀gá, kò sí ẹni tí mo lè sọ pé ojú rẹ̀ ń tì mí. Àgbà ọkùnrin kan ló jókòó sórí garawa, ó ń bi mí bóyá òun ṣì jẹ́ òun. Mo ní, "Méjì ni, Bàbá." Mo rí ojú rẹ̀. Nítorí kí ọkàn mi lè fúyẹ́, mo tún fi ìmọ̀ràn bò ó lórí, bí ẹni fi iyọ̀ sójú egbò. Mo ní, "Ó wà nínú ìwé, Bàbá. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, etí a máa dá ìró tirẹ̀ sílẹ̀. Ariwo wẹ́wẹ́ tí ẹ bá ń gbọ́ tí ẹlòmíì ò gbọ́, ẹ má kà á sí. Inú etí yín ló ti ń wá."

Ó mi orí pẹ́. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ó sàn kéèyàn mọ̀." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ni iná jó ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, ti ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ kán, ó dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà nínú ògiri níbi ìgbèrí rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ehoro fi ń gbọ́ nǹkan kan lára ògiri náà, ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń rún bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé o gbọ́ nǹkan?" Ìyẹn ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan o. Bàbá, etí yín tún ti gbé e dé." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín sí i. Ní ọjọ́ kẹwàá, ní aago méjì ọ̀sán, ó jáde lọ gba oògùn ìyàwó rẹ̀ ní òpópónà kejì. Kó tó padà, iná ti wó òrùlé lé ìyàwó rẹ̀ lórí. Àwọn aládùúgbò mẹ́rin ló dì í mú kó má bàa wọ inú iná.

Èmi náà lọ síbi ìsìnkú. Mò ń gbé àga onírọ́bà fún àwọn àlejò. Mo wà níbẹ̀, n kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí wọn lọ, nígbà tí Ehoro sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, pé, "Mo gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́ ọ." Ọmọ náà yí padà. Ó ní, "Ẹ gbọ́? Ẹ gbọ́ ọ, ẹ jókòó tì í? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ iná nínú ògiri ilé iṣẹ́ olówó, tìyá mi lẹ wá jókòó tì?" Ó ṣí gèlè lórí, ó jù ú sílẹ̀, ó sì jáde. Àga wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá gbé e sílẹ̀ kí n sì sọ gbólóhùn kan péré, bàbá àti ọmọ ì bá jọ kọjú ìbínú wọn sí mi, wọn ì bá sì jọ wà. Mo gbé e sílẹ̀ lóòótọ́. Mo ní kí obìnrin kan jókòó sórí rẹ̀. Nígbà náà ni Ehoro rí mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Oníwèé, o kúkú sọ fún mi. Irọ́ tí etí mi ń pa ti pọ̀ jù. Ọjọ́ tó wá sọ òótọ́, mi ò dá a mọ̀."

Láti ìgbà yẹn, n kò tíì jẹ oúnjẹ kan tó dùn mọ́ mi tí n kò rántí ọwọ́ yẹn. Mo di igbákejì ọ̀gá. Mo kọ́ ilé. Bí ilé náà bá pa rọ́rọ́, mo máa ń gbé etí lé ògiri.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kí n lè sọ ọ́ fún un. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni báyìí. Yàrá kẹfà, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí táǹkì omi. Mo ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ má wulẹ̀ pariwo o, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ojú náà ti lọ. Ọwọ́ ló fi ń mọ èèyàn." Ehoro fọwọ́ kan ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ojú àpá gọ́ọ̀mù ní àtàǹpàkò mi. Ó ní, "Oníwèé!" Ó sì rẹ́rìn-ín. Mo pariwo síbẹ̀síbẹ̀. Mo pariwo títí àwọn èèyàn fi yọjú. Kò gbọ́. Etí tí mo fi irọ́ pa ti wá kú ní tòótọ́, kò sì sí ọ̀nà tí òótọ́ fi lè wọlé. Wọ́n ní etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Èmi ti pẹ́ jù kí n tó bọ̀.

Mo wá rántí ìka rẹ̀. Mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, mo dì í mú síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yé e, torí gbogbo ara rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ó wá ìka mi kejì, ó nà án, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, ó sì rọra lu àwọn méjèèjì, bí olùkọ́ ṣe ń ṣe fún ọmọ tó gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní, "Rárá o. Méjì ni. Ìwọ náà kọ́ lo sọ fún mi ni?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, bí ẹ bá ba ọjà jẹ́, ẹ sọ pé ẹ bà á jẹ́. A lè tú sípíkà palẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ohun tí èèyàn fi etí ara rẹ̀ gbọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kò ní mọ ohun tó máa fẹ́ gbọ́ lọ́la.

Ìwọ ọmọ Elétí Ehoro, bàbá rẹ kò kọ etí ikún sí iná náà. Etí rẹ̀ pé. Èmi ni mo dí i. Ohun tí o ti ń dá a lẹ́bi rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni kí o gbé e fún, mo na ọwọ́ mi méjèèjì láti gbà á. N kò bẹ̀ ọ́ kí o dárí jì mí. N kò mọ irú ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́. Òun ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Bó bá gba ìka kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ tìrẹ ni yóò ti gbà á. Tètè lọ. Jẹ́ kó fọwọ́ kan ojú rẹ kó lè mọ̀ ọ́. Ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kí o fi ìka kan ṣoṣo sí i. Bó bá wá ìkejì, ká a. Bó bá tún wá a, tún ká a. Má ṣe jẹ́ kó rẹ̀ ọ́. Àpótí kan ṣoṣo ni.